Ọ̀gá ní òun á san 500 fránkì fún wákàtí kan: ṣé èrè ni, àbí àdánù?

Ìgbà tí kajú tán nílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Mẹkáníìkì kan wà ní Bantè, a ò ní dárúkọ rẹ̀ nítorí pé òun àti ọ̀gá rẹ̀ ṣì jọ ń ṣiṣẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta ni ọ̀gá yìí fi ń kó kajú àti iṣu lójú títì tó ti Savalou gba Bantè kọjá lọ sí Bassila àti Djougou. Láti ọdún mẹ́jọ, mẹkáníìkì yìí ló ń tún wọn ṣe. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ 78,000 fránkì.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá pè é sí Savalou. Ó ní: "Àbúrò, iṣẹ́ ti dínkù. Mi ò lè máa san owó oṣù mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lé ọ o. Máa dá dúró láyè ara rẹ. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, màá pè ọ́, màá sì sanwó fún ọ ní wákàtí-wákàtí. Mo ti ṣírò rẹ̀. 450 ni mò ń san fún wákàtí rẹ kan báyìí. Màá sọ ọ́ di 500."

"Ẹ ṣé o, ọ̀gá," ni mẹkáníìkì wí. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń gun alùpùpù padà sílé. Wọ́n fi àádọ́ta fránkì kún owó rẹ̀ lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan, ó sì tún di ọ̀gá ara rẹ̀.

Àbúrò ìyá rẹ̀ ló ba ayọ̀ náà jẹ́. Oníṣòwò iṣu ni ìyá yìí, ó ń ra iṣu lágbègbè Bantè, ó ń kó o lọ tà ní Savalou. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tán, ó bi ọmọ náà pé: "Tí mo bá ra iṣu kan ní 1,000 níbí, ṣé 1,000 ni màá tà á ní Savalou?"

"Rárá o, ìyá. Ẹ máa fi owó ọkọ̀ lé e."

"Kí ni mo tún máa fi lé e?"

"Owó alábàárù. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjà. Ẹ tún máa ro ti èyí tó bá jẹrà."

"Ó dáa. Wákàtí rẹ lo fẹ́ máa tà báyìí. Ta ló máa san owó ọkọ̀ rẹ̀? Èyí tó bá jẹrà ńkọ́?"

Ọmọ náà dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti mẹkáníìkì nìkan. Láti Savalou dé Bantè, másọ̀n ń bẹ níbẹ̀, awakọ̀ ń bẹ níbẹ̀, aránṣọ, ajórin, oníná, títí dé àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá oníṣòwò kọ ìwé owó. Àwọn kan nínú wọn fúnra wọn ló fẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olówó oṣù kí wọ́n lè di agbaṣẹ́ṣe. Àwọn mìíràn, ọ̀gá ló rọra tì wọ́n síta. Ìbéèrè kan náà ló ń dúró de gbogbo wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́: èló ni kí n pè?

Iṣẹ́ àgbàṣe kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn baba wa mọ àáró: mo bá ọ kọ ebè lónìí, ìwọ náà wá bá mi kọ tèmi lọ́la, owó kò sí níbẹ̀. Wọ́n mọ ọ̀wẹ̀, oúnjẹ àti ohun mímu ni wọ́n fi ń yẹ́ àwọn tó wá sí. Wọ́n sì mọ àgbàṣe, tó jẹ́ pé owó ni wọ́n ń gbà. Ṣùgbọ́n ebè ni alágbàṣe ń kà, kì í ka wákàtí. Wákàtí kì í ṣe ohun tí a fojú rí bí ebè, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti tà á lọ́pọ̀ láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìṣirò ọ̀gá, nítorí òun náà kò purọ́. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́jọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1998, sọ pé wákàtí 40 ni òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ti oko ń ṣe lọ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 52 ló wà lọ́dún, ó di wákàtí 2,080. Ẹ pín in sí oṣù 12, ó di wákàtí 173 àti díẹ̀. Ẹ wá pín 78,000 sí i, 450 ló máa jáde. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò kan náà fún owó oṣù tó kéré jù lọ nílẹ̀ wa, èyí tí ìjọba gbé láti 40,000 sí 52,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, 300 fránkì ni wákàtí kan máa jẹ́.

Wákàtí 40 yìí kò já bọ́ láti ọ̀run. Àwọn àgbàlagbà wa ṣì gbọ́ ìtàn iṣẹ́ tipátipá láyé àwọn Faransé, tí wọ́n ń kó ènìyàn lọ lànà láìsan kọ́bọ̀. Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946 ni òfin fòpin sí i. Ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 1952 ni òfin iṣẹ́ fún àwọn ilẹ̀ òkèèrè tó wà lábẹ́ Faransé jáde, òun ló sì mú wákàtí 40 wá, lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ti jà fún un, tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ti daṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù púpọ̀ láti ọdún 1947 wọ 1948. Mo kàn ní kí n rán wa létí pé àwọn kan ti jìyà kí wákàtí tó di ohun tí à ń fi owó lé.

Ibi tí ìṣirò ọ̀gá ti ṣìnà nìyí: ó fi wákàtí olówó oṣù wé wákàtí agbaṣẹ́ṣe, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọjà kan náà. Nínú wákàtí 2,080 yẹn, ọkọ̀ bàjẹ́ o, kò bàjẹ́ o, ọ̀gá ń sanwó. Ọjọ́ tí mẹkáníìkì jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tó ń retí páàtì láti Kútọnu, owó ń wọlé. Ọjọ́ Iléyá, owó ń wọlé. Òfin fún un ní ọjọ́ iṣẹ́ méjì ìsinmi fún oṣù kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ 24 lọ́dún, owó sì ń wọlé. Ní ọjọ́ tó bá di agbaṣẹ́ṣe, gbogbo ìyẹn parí. Wákàtí tó bá fi wà lábẹ́ ọkọ̀ nìkan ni wọ́n á san.

Ẹ jẹ́ ká yọ wọ́n kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìsinmi ọdọọdún jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wákàtí 160 lọ. Àwọn ọjọ́ ọdún: ọdún tuntun, ọjọ́ ìṣẹ̀ṣe ní oṣù kìíní, Àjíǹde, ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ọjọ́ òmìnira, ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ tí Savalou fi ń ṣe ọdún iṣu tuntun, Ìtúnu Ààwẹ̀, Iléyá, Kérésì àti àwọn yòókù. Ká pè wọ́n ní ọjọ́ 12, wákàtí 96 nìyẹn. Àìsàn àti ìsìnkú ńkọ́? Ẹni tó bá ní òun ò ní pàdánù ọjọ́ mẹ́fà lọ́dún nítorí ibà àti òkú ẹbí, kì í ṣe ará Bantè. Wákàtí 48 tún lọ. Ó ku 1,776.

Èyí tó dun ni jù ló kù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà rárá. Agbaṣẹ́ṣe ló ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ ra páàtì ní Savalou tàbí Parakou. Òun ló ń lọ wo ọkọ̀ tí oníbàárà á sì sọ pé òun ń bọ̀, tí kò ní padà wá. Òun ló ń lọ sin gbèsè, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Bí òjò bá ń rọ̀, kò sí ẹni tó máa san án. Ìyá oníṣu yẹn ní kí ọmọ náà fi èédú fa ìlà sára ògiri fún ọ̀sẹ̀ méjì: ìlà kan fún wákàtí tó fi ṣe iṣẹ́ gan-an, ìlà mìíràn fún wákàtí tó kàn bá a lọ. Nígbà tí wọ́n kà á, nínú wákàtí mẹ́ta tó bá fi kúrò nílé, méjì péré ló fi kan ọkọ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta jẹrà bí iṣu. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú 1,776, ó ku 1,184. Ká pè é ní wákàtí 1,200 tó lè tà lọ́dún kan.

Ní báyìí, ẹ padà sórí 500 fránkì tí ọ̀gá fẹ́ san. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1,200, ó jẹ́ 600,000 lọ́dún. Fún oṣù kan, 50,000. Ó ti wá sí ìsàlẹ̀ owó oṣù tó kéré jù lọ, a ò sì tíì ra epo sínú alùpùpù.

Owó tó ń jáde ńkọ́? Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú wọn lọ́jọ́ náà. Owó oṣù tó ń gbà tẹ́lẹ̀, 78,000 lọ́nà 12, jẹ́ 936,000. Ìyẹn ni pé a ò tíì bèèrè kó gba ju tàtijọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, CNSS. Òṣìṣẹ́ ń san 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún láti inú owó oṣù rẹ̀ fún ìfẹ̀yìntì, ìyẹn ló máa ń rí lórí ìwé owó oṣù, ìyẹn náà ló sì máa ń kùn sí. Kì í rí ohun tí ọ̀gá ń san: 6.4 fún ìfẹ̀yìntì, 9 fún owó ìdílé àti ọmọ, àti láti 1 dé 4 fún ewu ẹnu iṣẹ́. Bí a bá mú èyí tó kéré jù, 12,792 fránkì ni lóṣù lórí 78,000, ìyẹn bíi 153,500 lọ́dún. Òótọ́ ni pé ọ̀gá tí kì í san án pọ̀ nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá kò bá tilẹ̀ san án, ọjọ́ ogbó ń bọ̀, jáàkì sì lè yọ̀ kí ọkọ̀ tẹ ènìyàn. Owó náà gbọ́dọ̀ ti ibì kan wá.

Irinṣẹ́ tún wà. Ti ọ̀gá ni tẹ́lẹ̀. Ká ní 240,000 ló máa fi ra tirẹ̀, tí wọ́n á lò ọdún mẹ́ta, 80,000 ni lọ́dún. Epo, ọ́ìlì àti àtúnṣe alùpùpù, 12,000 lóṣù, 144,000 lọ́dún. Ẹni tó bá rántí bí owó kpayo ṣe fò sókè nígbà tí Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 kò ní sọ pé mo bù ú jù. Owó fóònù, 36,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,349,500. Lẹ́yìn náà owó orí: àwọn tí ọjà wọn lọ́dún kò bá ju mílíọ̀nù 50 lọ, TPS ni wọ́n ń san, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó tó wọlé, kò sì gbọ́dọ̀ dín ní 10,000. Fún òun, bíi 71,000 nìyẹn. Gbogbo rẹ̀ wá di 1,420,500.

Ẹ pín in sí wákàtí 1,200. Ó lé díẹ̀ ní 1,180 fránkì. Ẹ pè é ní 1,200.

Ọmọ náà wo ìwé náà títí. Ó ní: "Ìyá, ẹni tó ń gba 450, ṣé òun ló máa wá bèèrè 1,200? Ojú á tì mí."

Mo mọ ìtìjú yẹn. Òun ló ń pa wa jù. Ṣùgbọ́n kí a tó jẹ́ kí ojú tì wá, ẹ jẹ́ ká jókòó síbi tí ọ̀gá jókòó sí. Bó bá ń san gbogbo ohun tó yẹ, mẹkáníìkì yìí ń ná an ní nǹkan bí 91,000 lóṣù, bí ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ tàbí kò bàjẹ́. Bí iṣẹ́ bá ti dínkù lóòótọ́ bó ṣe sọ, tó jẹ́ wákàtí 40 péré ló nílò lóṣù, 48,000 ni yóò san bí wákàtí bá jẹ́ 1,200. Ó ti fi 43,000 pamọ́ lóṣù kan. Bó bá nílò wákàtí 75, ó máa san 90,000, kò jèrè, kò pàdánù. Bó bá ju 75 lọ, ó sàn fún un kó máa san owó oṣù lọ. Nítorí náà 1,200 kì í ṣe ìwọra, ó ń bi ọ̀gá léèrè bóyá òótọ́ ni pé iṣẹ́ ti dínkù. Ní 500, kò ní láti dáhùn: ó lè máa lo ènìyàn ní wákàtí 75 lóṣù kó sì san 37,500 péré.

Ẹ̀yin oníṣòwò tó ń ka èyí, mo mọ̀ pé inú yín lè má dùn sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ irú ìṣirò yìí tipẹ́. Kò sí ẹni tó ń ra kajú tútù lẹ́nu oko tó máa rò pé ìwọ̀n tó rà ni ìwọ̀n tó máa tà lẹ́yìn tó bá gbẹ tán.

Òfin tún wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí òfin 1998 ṣe túmọ̀ rẹ̀, ni ẹni tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sábẹ́ àṣẹ àti ìdarí ẹlòmíràn fún owó. Bí ọ̀gá bá ń pè ọ́ lójoojúmọ́, tó ń sọ aago tí wàá dé, tó ń fún ọ ní irinṣẹ́, tó sì kọ̀ fún ọ láti tún ọkọ̀ ẹlòmíràn ṣe, agbaṣẹ́ṣe kọ́ ni ọ́, orúkọ yòówù kó fún un. Ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní inspection du travail lédè Faransé ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé àsìkò kajú nìkan ni ọ̀gá nílò ènìyàn, òfin ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2017 fún un láyè àdéhùn iṣẹ́ ọlọ́jọ́, tí wọ́n lè máa tún ṣe léraléra. Kò pọn dandan kó pe òṣìṣẹ́ ní agbaṣẹ́ṣe.

Ohun kan wà tí mẹkáníìkì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù láìmọ̀. Ọ̀gá ti tẹ ìwé sílẹ̀ fún un pé kó fọwọ́ sí i pé òun fúnra òun ló fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọdún mẹ́jọ! Bó bá jẹ́ pé ọ̀gá ló dá a dúró nítorí iṣẹ́ dínkù, òfin fún un ní ìkìlọ̀ ṣáájú àti owó ìdádúró, yàtọ̀ sí owó ìsinmi tí kò tíì lò. Ẹni tó bá fọwọ́ sí pé òun lọ fúnra òun ti fi èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwékíwèé, ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tó gbọ́ Faransé kà á fún yín. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ yín. Ẹ lọ sí CNSS lọ wo iye oṣù tí wọ́n ti san fún yín, kí ẹ sì bèèrè bí ẹ ṣe lè máa fúnra yín san án lọ, nítorí oṣù 180 ni wọ́n ń wò kí ènìyàn tó gba owó ìfẹ̀yìntì lẹ́ni ọdún 60. Ẹni tó ti ṣe ọdún mẹ́jọ ní 96 tẹ́lẹ̀. Ó burú kó sọ ìyẹn nù.

Ní ti bí a ṣe ń pe owó náà: ní Bantè, bí o bá sọ fún oníbàárà pé 1,200 ni wákàtí kan, á kọ́kọ́ wò ọ́ bí ẹni tó fẹ́ jẹun lórí aago. Ó fẹ́ mọ iye gbogbo rẹ̀. Kò burú. Jẹ́ kí wákàtí wà lórí rẹ, kí iye iṣẹ́ wà lẹ́nu rẹ. Iṣẹ́ tí o mọ̀ pé wákàtí mẹ́fà ni, 7,200 ni owó ọwọ́ rẹ, páàtì lọ́tọ̀, oníbàárà ló sì máa mú owó páàtì wá kí o tó tú nǹkan kan. Èyí tí o kò bá mọ ibi tó ti bàjẹ́ nìkan ni kí o máa kà ní wákàtí. Bí wọ́n bá pè ọ́ jìnnà, kí ìpè kan má dín ní wákàtí méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wàá máa rin ìrìn wákàtí kan fún iṣẹ́ ìṣẹ́jú ogún. Kí àsìkò kajú má sì tàn ọ́ jẹ. Láti oṣù kejì dé oṣù karùn-ún, owó wà nígboro, ọkọ̀ ń bàjẹ́ lójoojúmọ́, ènìyàn sì lè rò pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe rí títí. Oṣù keje, nígbà tí iṣu tuntun kò tíì wọlé, ni kí o fi wo iye tí o pè bóyá ó lè gbé ọ.

Mẹkáníìkì padà lọ sí Savalou lọ́sẹ̀ kejì. Ó mú ìwé ìṣirò náà lọ́wọ́, ó sì mú ìyá rẹ̀ kékeré dání, èyí tó jẹ́ ọgbọ́n. Ọ̀gá kọ́kọ́ bínú. Ó ní ta ló kọ́ ọ. Ìyá dá a lóhùn pé: "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Òwò la kọ́ ọ." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó gba ìwé náà, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún ibi tí wọ́n ti kọ owó CNSS kà.

Kò gbà 1,200. Ó ní 1,000 ni òun lè san, ìpè kan kò ní dín ní wákàtí méjì, òun á máa san owó epo alùpùpù, òun á sì san owó ìdádúró ọdún mẹ́jọ ní ìlọ́po méjì, ìdajì báyìí, ìdajì lẹ́yìn ọdún iṣu. Mẹkáníìkì gbà. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n tún un ṣírò. Bí 144,000 ti epo bá kúrò, owó tó nílò lọ́dún, pẹ̀lú owó orí, lé díẹ̀ ní 1,268,000. Ní 1,000 fún wákàtí kan, ó gbọ́dọ̀ ta wákàtí 1,269 dípò 1,200. Ó ku wákàtí 69 tó gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó gba iṣẹ́ ẹ̀rọ ìlọgbàgúdá kan ní abúlé tó wà lẹ́yìn Bantè.